Bí A Ṣe Ń Yan Wáyà Tí A Ó Fi Jó Stainless Mọ́ Irin Lásán

Ẹ bi ajórin tó gbọ́ iṣẹ́ pé wáyà wo ló fi ń jó stainless mọ́ mild steel, irin lásán tí gbogbo wa mọ̀, 309L ni yóò dá yín lóhùn kí ẹ tó pa ẹnu dé. Ìdáhùn náà tọ̀nà fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Àmọ́ ẹni tó kàn há nọ́ńbà yẹn sórí láìmọ ìdí rẹ̀ kò ní mọ ìgbà tó yẹ kó gbé e sílẹ̀ kó mú òmíràn. Tí ojú ìjópọ̀ bá sì sán, wáyà ni yóò máa bú, nígbà tó lè jẹ́ pé ọwọ́ tó fi jó o ló fà á.

Kókó ọ̀rọ̀ náà rèé: wáyà tó wà lọ́wọ́ yín kọ́ ni yóò di ojú ìjópọ̀. Àdàlù rẹ̀ pẹ̀lú irin méjèèjì tó yọ́ sínú rẹ̀ ni. Àdàlù yẹn ni ẹ ń yan wáyà fún.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú omi irin

Stainless tó wọ́pọ̀ jù lọ, 304, ní nǹkan bí ìdá 18 chromium àti ìdá 8 nickel nínú 100. Chromium ni kì í jẹ́ kó dógùn-ún. Nickel wà lára ohun tó ń jẹ́ kó ṣeé tẹ̀ láìṣẹ́. Irin lásán kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì dé ibi tó nítumọ̀. Irin ni, pẹ̀lú carbon díẹ̀ tí kì í sábà kọjá ìdá 0.25 nínú 100. Nígbà tí iná bá yọ́ etí méjèèjì, ńṣe ni irin lásán ń bomi la ohun tó wà nínú wáyà.

Báwo ni ó ṣe ń bomi là á tó? Tí a bá ń fi electrode, ọ̀pá ìjórin tó ní èèpo, jó, ohun tó ń ti ara irin méjèèjì wọnú ojú ìjópọ̀ sábà máa ń wà láàárín ìdá 20 sí 30 nínú 100. Tó bá jẹ́ TIG, níbi tí ọwọ́ kan ti ń di tọ́ọ̀ṣì iná mú tí ọwọ́ kejì ń ki wáyà, ó lè tó 40, nítorí ajórin lè ti yọ́ etí irin púpọ̀ kó tó ki wáyà bọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ ká mú 30, ká sì gbà pé ìdajì rẹ̀ wá láti ara stainless, ìdajì láti ara irin lásán. Ẹ wo bí ìṣirò náà ṣe rí.

Tó bá jẹ́ wáyà irin lásán ni ẹ mú, bíi ER70S-6 tàbí electrode E7018, stainless nìkan ni yóò mú chromium wá. Ìdá 15 tó ti ara rẹ̀ wá yóò kó chromium 2.7 àti nickel 1.2 péré wọlé. Iye yìí kéré jù láti dènà ìdógùn-ún, ṣùgbọ́n ó pọ̀ tó láti mú kí ojú ìjópọ̀ le gbagidi bó ṣe ń tutù. Martensite ni wọ́n ń pe irú irin líle bẹ́ẹ̀. Kò mọ títẹ̀, sísán ló mọ̀. Ẹni tó bá fi E7018 jó stainless lè rí i pé ojú rẹ̀ dán, ó gún régé, kó má sì tíì tutù tán tí yóò fi gbọ́ “kẹ́kẹ́” nínú rẹ̀.

Tó bá jẹ́ 308L ńkọ́, wáyà tí a fi ń jó 304 mọ́ 304? Òun fúnra rẹ̀ ní chromium bí 20.5 àti nickel bí 10. Lẹ́yìn ìdàlù, ẹ ó bá chromium 17 àti nickel 8.2. Ẹnu ààlà ló wà yẹn. Bí ọwọ́ yín bá wá yẹ̀ díẹ̀, tí iná fì sọ́dọ̀ irin lásán, chromium yóò já sí bíi 14, nickel sí 7, martensite yóò sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Ìdí nìyí tí ẹlòmíràn fi ń sọ pé òun ti fi 308L jó irú iṣẹ́ yìí tí kò sì sán. Òótọ́ ló ń sọ. Ó kàn jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ kò yẹ̀ lọ́jọ́ náà ni.

309L ní chromium bí 24 àti nickel bí 13. Ẹ bomi là á bí a ṣe bomi la àwọn yòókù, ẹ ó bá 19.5 àti 10.3, èyí tó jọ ohun tó wà nínú 308L tí a kò tíì fi ohunkóhun là. Òun ni a ṣe ń lò ó: ó ní àlékún tó lè pàdánù, tí ohun tó ṣẹ́ kù yóò ṣì jẹ́ stainless.

Èrò tó máa ń wá síni lọ́kàn lẹ́yìn èyí ni pé, tí àlékún bá dára, kí ló dé tí a kò mú 310, tó ní chromium bí 26 àti nickel bí 21? Ibí yìí ni àṣìṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn wà. Ojú ìjópọ̀ tó jẹ́ austenite, ìyẹn irú ètò inú irin tí 304 ní, pátápátá máa ń sán nígbà tó ṣì gbóná, kó tó dì tán. Ohun tó ń gbà á lọ́wọ́ ìyẹn ni ferrite díẹ̀, ètò inú irin mìíràn tó ń gbá òòfà mú, tó wà nínú rẹ̀, bíi 3 sí 10 lórí òṣùwọ̀n ferrite. 309L ń fúnni ní ferrite yẹn, 310 kò ní i. Anton Schaeffler ló ya àwòrán tó ń fi gbogbo èyí hàn, ní 1949. Àtúnṣe tí àwọn onímọ̀ ń lò jù báyìí ni WRC-1992. Ẹni tó bá ń jó oríṣiríṣi irin kò ní kábàámọ̀ pé ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka àwòrán náà.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ irin tó wà níwájú yín

Ẹ fi òòfà kan stainless náà. 304 àti 316 kì í gbá òòfà mú, àfi ibi tí wọ́n bá ti tẹ̀ tàbí tí wọ́n ti lù, tó lè fà á díẹ̀. Tí òòfà bá lẹ̀ mọ́ ọn ṣinṣin, ó lè jẹ́ 430 tàbí 409, ó sì lè jẹ́ duplex, stainless tó jẹ́ àdàlù austenite àti ferrite, bíi 2205. 201 náà kì í gbá òòfà mú, nítorí náà òòfà kò lè yà á sọ́tọ̀ lára 304. Bẹ́ẹ̀ ni kò lè yà 316 sọ́tọ̀, torí molybdenum, ìdá 2 sí 3 nínú 100, nìyàtọ̀ rẹ̀ gan-an. Bí ìwé tó bá irin náà wá bá wà, tàbí tí àmì bá wà lára rẹ̀, ẹ gba ìyẹn gbọ́ ju òòfà lọ.

Ẹ má sì gbàgbé apá kejì. Ṣé irin lásán ni lóòótọ́? Ọ̀pá àáṣì mọ́tò, sípíríǹgì, eyín gíà àti ọ̀bẹ ẹ̀rọ kì í ṣe mild steel. Carbon inú wọn pọ̀, wọ́n sì ní ọ̀nà tiwọn. Ẹ fi fáìlì rin ín: bí fáìlì bá ń yọ̀ lórí rẹ̀ tí kò gé e, ẹ dúró ná.

Bí irin náà bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi zinc bò, zinc náà gbọ́dọ̀ kúrò pátápátá lójú ibi tí iná yóò dé, níwájú àti lẹ́yìn. Èéfín rẹ̀ ń fa ibà, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kọ́: zinc tó yọ́ máa ń wọ inú stainless gbígbóná, á sì mú kó sán.

Ìgbésẹ̀ 2: Kí ni iṣẹ́ náà yóò máa fojú rí?

Ìbéèrè mẹ́ta tó. Ṣé yóò máa gbóná, tí yóò sì máa tutù léraléra? Ṣé yóò máa bá omi iyọ̀ tàbí kẹ́míkà pàdé? Ṣé ẹ̀mí èèyàn wà lórí rẹ̀, bíi páìpù tàbí táǹkì tó ní ìfúnpá nínú? Tí ìdáhùn sí èyí tó kẹ́yìn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kì í ṣe ajórin ló ń dá yan wáyà. Ìwé ìlànà ìjópọ̀ tí wọ́n ti dán wò tí wọ́n sì fọwọ́ sí ni yóò sọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ mú nọ́ńbà

Fún 304, 201 tàbí 430 mọ́ irin lásán, 309L ni. Ẹ má wá òmíràn lọ.

Fún 316 mọ́ irin lásán, ìwé máa ń sọ pé 309LMo, èyí tó ní molybdenum nínú. Ó dára tí ojú ìjópọ̀ bá máa wà nínú omi iyọ̀ kan náà pẹ̀lú 316 ọ̀hún. Tèmi ni pé, níbi tó jẹ́ pé ìta ni ìjópọ̀ náà wà, bíi ẹsẹ̀ irin tí a jó mọ́ ara táǹkì 316, 309L tó, nítorí irin lásán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jẹrà bí nǹkan bá máa jẹrà.

Fún duplex mọ́ irin lásán, 2209 tàbí 309LMo.

Tí ẹ kò bá mọ irú irin tó jẹ́, tàbí tí carbon inú rẹ̀ pọ̀, 312 ni àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe máa ń sá sí. Chromium inú rẹ̀ tó nǹkan bí 30, nickel bíi 9, ferrite inú rẹ̀ sì pọ̀ gan-an, nítorí náà ó lè fara da ìdàlù tí kò bára dé. Ó lágbára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi í sí ibi tí yóò máa gbóná fún ìgbà pípẹ́, nítorí ferrite yẹn yóò yí padà sí ohun líle tó ń ṣẹ́. Irin tí carbon inú rẹ̀ pọ̀ tún lè fẹ́ kí a kọ́kọ́ mú un gbóná kí a tó jó o, wáyà yòówù kí a lò.

Ibi tí ooru ti ń lọ tó ń bọ̀ ni 309L ti ń kọsẹ̀. Nǹkan méjì ló fà á. Àkọ́kọ́, stainless máa ń fẹ̀ ju irin lásán lọ nígbà tó bá gbóná: nǹkan bí 17 sí 12, tí a bá fi òṣùwọ̀n kan náà wọ̀n wọ́n. 309L ń fẹ̀ bíi stainless, nítorí náà gbogbo ìfàfà yẹn máa ń kó jọ sójú ibi tí ojú ìjópọ̀ ti pàdé irin lásán. Èkejì, bí ìgbóná bá ga tó sì pẹ́, carbon á máa kúrò nínú irin lásán lọ sínú ojú ìjópọ̀ níbi tí chromium pọ̀ sí, á sì fi tẹ́ẹ́rẹ́ irin rírọ̀ kan sílẹ̀ lẹ́yìn. Ibẹ̀ ló máa ń já. Wáyà nickel ni oògùn rẹ̀: ERNiCr-3 fún TIG àti MIG (níbi tí ẹ̀rọ ti ń ti wáyà jáde fúnra rẹ̀), ENiCrFe-3 fún electrode. Bó ṣe ń fẹ̀ wà láàárín irin méjèèjì, carbon kì í sì í rọrùn láti wọ inú rẹ̀. Ó wọ́n ju 309L lọ fíìfíì, omi rẹ̀ sì wúwo lójú iná, kì í ṣàn bí ẹ ṣe fẹ́. Nítorí náà, ẹ má lò ó fún géètì.

Bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ èyí tí wọ́n máa tún mú gbóná lẹ́yìn jíjó láti tú ìfàfà inú rẹ̀, ẹ yẹra fún 309L níbẹ̀ náà, ẹ mú nickel.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ ka ara páálí

ER níwájú nọ́ńbà túmọ̀ sí wáyà tàbí ọ̀pá tí kò ní èèpo. E nìkan jẹ́ electrode. L dúró fún carbon kékeré, tí kì í kọjá ìdá 0.03 nínú 100 lára wáyà. Kò burú kí L wà níbẹ̀ nígbà gbogbo. Si tó wà nínú ER309LSi sọ pé silicon rẹ̀ ti lé sí i, kí omi irin lè ṣàn tẹ́jú. Àwọn tó ń fi MIG jó fẹ́ràn rẹ̀. Lára electrode, -15 ń fẹ́ iná DC nìkan, -16 àti -17 lè gba AC tàbí DC. Wáyà tó ní flux, ìyẹ̀fun tó ń dáàbò bo omi irin, nínú máa ń ní T, bíi E309LT1-1 tàbí E309LT1-4.

Lórí páálí ilẹ̀ Yúróòpù, 23 12 L ni ẹ ó rí dípò 309L, 23 12 2 L dípò 309LMo, àti 29 9 dípò 312. Tí ọwọ́ bá ti ya àmì kúrò lára ọ̀pá TIG, tí ẹ kò sì mọ èyí tó jẹ́ mọ́, ẹ má fi jó ohun tó ṣe pàtàkì. 308L àti 309L jọra bí ìbejì lójú.

Ìgbésẹ̀ 5: Gáàsì, iná àti ìwọ̀n

TIG: argon nìkan, DC, tọ́ọ̀ṣì sí odi (−). MIG pẹ̀lú wáyà tí kò ní flux nínú: argon tó ní ìdá 2 carbon dioxide tàbí oxygen nínú 100. Ẹ má so sílíńdà ìdá 25 carbon dioxide tí ẹ fi ń jó irin lásán mọ́ ọn. Carbon yóò wọnú ojú ìjópọ̀, L tí ẹ sanwó fún á sì di asán. Wáyà onífílọ́ọ̀sì yàtọ̀ sí èyí, òun lè gba àdàlù yẹn tàbí carbon dioxide gidi, gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà tó parí orúkọ rẹ̀ bá ṣe sọ: 1 fún carbon dioxide, 4 fún àdàlù argon. MIG àti electrode, ẹ fi wọ́n sí rere (+).

Wáyà má nípọn ju irin tó tínrín jù níbẹ̀ lọ. Ọ̀pá TIG mìlímítà 1.6 bá páànù tínrín mu, 2.4 bá èyí tó nípọn ju mìlímítà 3 lọ mu. Áńpù, ẹ wo ara páálí. Electrode stainless kì í fẹ́ iná tó pọ̀ tó ti irin lásán tó nípọn bákan náà. Bí iná bá pọ̀ jù, gbogbo rẹ̀ á pọ́n láti òkè délẹ̀, èèpo rẹ̀ á sì já.

Ìgbésẹ̀ 6: Ìmúra

Ẹ fá èèpo dúdú ara irin lásán àti ìpẹtà kúrò títí yóò fi tàn, ó kéré tán mìlímítà 25 sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ẹ fẹ́ jó. Búrọ́ọ̀ṣì onístainless ni kí ẹ fi fọ ẹ̀gbẹ́ stainless, kí ó má sì jẹ́ èyí tí ẹ ti fi fọ irin lásán rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni díìsìkì gíráńdà. Irin tó bá ti lẹ̀ mọ́ ojú stainless á dógùn-ún níbẹ̀, oníbàárà á sì ní ayédèrú stainless ni ẹ lò.

Ẹ fi acetone nu ọ̀rá kúrò, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ má fi oògùn tí wọ́n fi ń fọ bíréèkì mọ́tò nu ún láéláé tó bá ní chlorine nínú: iná ìjórin lè sọ èyí tó ṣẹ́ kù di gáàsì phosgene, tó ń pa èèyàn.

Fún irin tó nípọn, ẹ fá etí méjèèjì kó lè di V, bíi ìgun 60 sí 70. V tó ṣí dáadáa ń jẹ́ kí wáyà pọ̀ ju irin tó yọ́ wọlé lọ. Ọ̀nà mìíràn tún wà tí mo fẹ́ràn fún irin tó nípọn gan-an: ẹ kọ́kọ́ fi 309L bo etí irin lásán nìkan, ìpele kan tàbí méjì, ẹ fá a kó tẹ́jú, kí ẹ tó gbé stainless tì í. Láti ìgbà yẹn lọ, ó ti dà bí ẹni ń jó stainless mọ́ stainless, 308L pàápàá lè parí rẹ̀.

Mild steel tí kò nípọn kò nílò kí a mú un gbóná ṣáájú. Ẹ kàn rí i pé omi tàbí ìrì kò sí lára rẹ̀. Electrode tó ti gba ọ̀rinrin á fi ihò kéékèèké sínú ojú ìjópọ̀. Ẹ tún un yan nínú ààrò bí ẹni tó ṣe é bá ṣe sọ, ìwọ̀n rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín 250°C sí 350°C.

Ìgbésẹ̀ 7: Jíjó

Ẹ ranti ìṣirò òkè yẹn. Gbogbo ohun tó bá ń dín irin lásán tó ń wọlé kù ló ń ràn yín lọ́wọ́: iná tó mọ níwọ̀n, arc (iná tó ń fò láàárín wáyà àti irin) kúkúrú, ìlà tínrín tó tọ́ dípò kí ẹ máa fì í káàkiri, àti wáyà tí ẹ ń kì bọ̀ ọ́ déédéé. Ẹ má darí iná sára irin lásán. Stainless máa ń yára yọ́, nítorí ooru kì í tètè rìn kúrò nínú rẹ̀, ó sì lè máa ṣe yín bíi kí ẹ gbé iná lọ sí òdìkejì kó lè bá a dọ́gba. Ẹ gbé e síbẹ̀ díẹ̀ tí kò bá mú, kí ẹ tètè dá a padà sáàárín.

Ẹ fi ìjó kékeré dè é léraléra kí ẹ tó fa ìlà gígùn, torí stainless máa ń wọ́. Láàárín ìlà kan sí èkejì, ẹ jẹ́ kó tutù wá sísàlẹ̀ 150°C. Níbi tí ẹ bá ti parí, ẹ kún kòtò tó wà lẹ́nu rẹ̀ kí ẹ tó pa iná. Kòtò tí kò kún ni sísán ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ páìpù ni ẹ ń fi TIG jó, tí inú rẹ̀ ṣe pàtàkì, ẹ fi argon kún inú náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn ìjópọ̀ ẹ̀gbẹ́ stainless á dúdú, á sì rí hágahàga.

Èéfín stainless kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣeré. Chromium onípò mẹ́fà wà nínú rẹ̀, tó ń fa àrùn jẹjẹrẹ, IARC, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ, sì ti ka gbogbo èéfín ìjórin mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ láti 2017. Ẹ fa èéfín náà kúrò níbi orísun rẹ̀, ẹ lo ìbòmú tó yẹ. Aṣọ tí a dì mọ́ imú kò dá a dúró.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ dán an wò lórí àjákù

Kí ẹ tó fọwọ́ kan iṣẹ́ gidi, ẹ mú àjákù irin méjèèjì, ẹ gbé ọ̀kan dúró lórí èkejì bíi T, ẹ jó ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kó tutù tán. Ẹ wo àárín ìlà náà àti kòtò tó gbẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ẹ fi òòlù ńlá lù ú kó tẹ̀ lórí ìjópọ̀ náà. Èyí tó dára á tẹ̀ púpọ̀ kó tó ya. Èyí tí martensite ti wọ̀ á já lẹ́ẹ̀kan, ojú ibi tó já á mọ́ kedere láìsí àmì pé ó nà. Tó bá jẹ́ báyìí, wáyà yín lè má tọ̀nà, tàbí kí iná ti pọ̀ jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin lásán. Ẹ yí ohun kan padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tún dán an wò. Fún ohun tí a kò lè fọ́, oògùn pupa tó ń wọ inú ojú sísán, tí a fi ìyẹ̀fun funfun fà jáde, ń fi hàn bí ojú bá ti là.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti lu ìdàrọ́ kúrò, tí ẹ fọ àwọ̀ iná tó wà lára stainless, ọ̀dà ló kù. Ọ̀pọ̀ máa ń kun irin lásán nìkan, wọ́n á sì dúró sójú ìjópọ̀ gan-an. Níbi tí omi ti ń dé, ẹ kun ún kọjá ojú ìjópọ̀, kí ọ̀dà gun orí stainless bíi mìlímítà 50. Irin lásán ni omi máa ń jẹ láti dáàbò bo stainless tí wọ́n bá fara kanra. Tí stainless tó wà ní gbangba bá pọ̀, tí irin lásán tó hàn sì jẹ́ ojú kékeré kan níbi tí ọ̀dà ti họ, gbogbo ìjẹrà náà á dojú kọ ibi kékeré yẹn, á sì dá a lu láìpẹ́.